Bíìtì Ráútà Nínú Maṣíìnì Kọ́ḿbínéṣọ̀n: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wọlé Lójoojúmọ́ àti Ìdáhùn Wọn

Ẹ̀yin kápẹ́ńtà àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ràn iṣẹ́ pákó ní Abuja àti Òkè Ọya lápapọ̀, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi mí ṣáá, mo bá kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó le ń bẹ nísàlẹ̀.

Irú maṣíìnì wo gan-an là ń sọ?

Maṣíìnì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì mẹ́fà wà lára ẹ̀. Ayùn tó ń la pákó wà níbẹ̀, pílénà tó ń fá a wà níbẹ̀, tíkínẹ́sà tó ń mú kó ní ìwọ̀n kan náà, ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́ pákó, àti spindle tó yọrí sókè láàárín tébù tí wọ́n fi ń fín etí pákó. Ti Ṣáínà la sábà máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù, ti Ítálì àti Austria náà wà láàárín tokunbo. Àwọn kan tún ní ti Amẹ́ríkà bíi Shopsmith, ìyẹn ò rí bíi tàwọn yòókù o, ọ̀pá kan náà ló ń yí ayùn, tó ń lu ihò, tó tún ń yí igi roboto.

Bíìtì ráútà ńkọ́, ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà pẹ̀lú bíìtì dírììlì?

Rárá o. Bíìtì dírììlì orí ló fi ń jẹ igi, ó ń lọ sísàlẹ̀ tààrà, gbogbo agbára tó ń bá a ń gba òòró ara ẹ̀ lọ. Bíìtì ráútà, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń jẹ igi. Bó ṣe ń gé ni igi ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, eyín kọ̀ọ̀kan tó bá kan pákó ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn torí ọ̀pọ̀ ìdáhùn tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ orí ẹ̀ ló dúró lé.

Ṣé bíìtì ráútà lè ṣiṣẹ́ nínú maṣíìnì kọ́ḿbínéṣọ̀n?

Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè ṣe iṣẹ́ tó mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ráútà ọwọ́, ìyẹn maṣíìnì kékeré tí wọ́n ń fọwọ́ mú fín pákó. Ẹni tó bá gbé e síbẹ̀ tó ń ti pákó bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, pákó á fàya, bíìtì á gbóná, á wá máa sọ pé maṣíìnì ò dáa. Maṣíìnì ò ní wàhálà kankan, sípíìdì ni kò dọ́gba.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ sípíìdì yìí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Torí wọ́n ṣe bíìtì ráútà fún nǹkan tó ń yí bí ẹ̀fúùfù. Ráútà ọwọ́ ń yí tó 18,000 sí 24,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Spindle ara ọ̀pọ̀ kọ́ḿbínéṣọ̀n, láti bíi 3,000 dé 8,000 ni, àwọn kan lè kan 10,000. Ọ̀pá tó ń yí pílénà, tí chuck (ohun tó ń di bíìtì mú) wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, bíi 4,000 sí 5,000 ló máa ń wà. Shopsmith Mark V, 700 sí 5,200.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pọ̀. Bíìtì tó ní eyín méjì, tó bá yí 20,000, ó ti gé igi ní ìgbà 40,000 nínú ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá ti pákó mítà mẹ́rin kọjá nínú ìṣẹ́jú yẹn, eyín kọ̀ọ̀kan ti bù 0.1 mìlímítà, ìyẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ojú pákó á dán. Ẹ wá gbé bíìtì kan náà sórí maṣíìnì tó ń yí 5,000. Ìgbà 10,000 péré ló ń gé. Mítà mẹ́rin yẹn náà, eyín kọ̀ọ̀kan á ní láti bu 0.4, kò gé e mọ́ nìyẹn, ó ń fà á tu ni. Ọ̀nà àbáyọ ò ju pé kẹ́ ẹ ti pákó ní mítà kan láàárín ìṣẹ́jú kan, 0.1 la tún padà sí. Ìdá mẹ́rin sípíìdì, ìdá mẹ́rin ìrìn ọwọ́.

Apá kejì wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò. Eyín bíìtì tó fẹ̀ 12 mìlímítà, tó bá ń yí 20,000, ń rin nǹkan bíi mítà 750 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní 5,000 kò ju mítà 190 lọ. Bíìtì tó fẹ̀ 50 mìlímítà ní 5,000 yẹn náà ń rin bíi mítà 785. Ṣé ẹ rí i? Bíìtì tó gbòòrò ló bá maṣíìnì tí kì í sáré mu ju èyí tó tín-ín-rín lọ. Àwọn tó ń ra bíìtì kékeré torí wọ́n rò pé maṣíìnì wọn ò lágbára, òdìkejì ohun tó yẹ ni wọ́n ń ṣe, ó kàn jẹ́ pé èyí tó gbòòrò ẹ ò gbọ́dọ̀ bù ú jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Báwo ni màá ṣe mọ sípíìdì tí spindle mi ń yí?

Ẹ wo pátákó irin kékeré tó wà lára mọ́tò. Ìyẹn á sọ iye tí mọ́tò ń yí, iná wa ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz (ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), torí náà mọ́tò tó bá yára á máa wà ní bíi 2,800 sí 2,900. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wọn púlì méjèèjì. Ẹ sọ iye tí mọ́tò ń yí di ìlọ́po ìbú púlì mọ́tò, kẹ́ ẹ wá fi ìbú púlì spindle pín in. Mọ́tò 2,850, púlì ẹ̀ 120 mìlímítà, púlì spindle 60, 5,700 nìyẹn.

Tí béélìtì bá ti dẹ̀, iye tó máa yí nígbà tí pákó bá kan bíìtì á kéré sí ìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ tẹ béélìtì láàárín nígbà tí plọ́ọ̀gì bá ti wà nílẹ̀, tó bá ń rì wọlé bí ẹni pé kò sí nǹkan tó dì í mú, ẹ fún un le.

Tokunbo tó wá láti Amẹ́ríkà ni tèmi, mo ti ra transformer sí i. Kí ló dé tí kò fi sáré tó bí ìwé ẹ̀ ṣe wí?

Transformer ń sọ iná 240 fóltì di 120, ó tán síbẹ̀. Kò lè sọ 50 Hz di 60 Hz. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60 Hz, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà sípíìdì ẹ̀ ló máa ń yí lórí iná wa. Shopsmith tí ìwé ẹ̀ sọ pé ó ń dé 5,200, bíi 4,300 lẹ máa rí. Fún ayùn àti dírììlì kò burú. Fún bíìtì ráútà, èyí tí kò tó tẹ́lẹ̀ ló tún dín yẹn.

Mọ́tò ẹ̀ tún máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lórí 50 Hz, torí náà ẹ fọwọ́ kan ara ẹ̀ lóòrèkóòrè, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ yanjú ẹ̀ pátápátá, mọ́tò 50 Hz ni kó wá rà sí i.

Ṣé mo lè fi bíìtì ráútà sínú chuck tí wọ́n fi ń mú bíìtì dírììlì?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Nínú gbogbo ìbéèrè tó wà níbí, èyí ló ń dùn mí jù torí mo mọ iye ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe é lójoojúmọ́, ọmọ iṣẹ́ ló sì máa ń dúró níwájú ẹ̀.

Chuck dírììlì, eyín mẹ́ta ló fi ń di ọ̀pá bíìtì mú, ojú mẹ́ta tín-ín-rín péré ló kan ọ̀pá yẹn. Ọ̀pá bíìtì ráútà le, ó sì dán. Tí igi bá ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ títí tí ihò tẹ́ ẹ ń gbẹ́ á fi jìn ju iye tẹ́ ẹ wọ̀n lọ. Tẹ́ ẹ bá yọ bíìtì bẹ́ẹ̀ wò, ẹ máa rí ìlà mẹ́ta tó ń dán lára ọ̀pá ẹ̀, bí ìgbà téèyàn fi ìṣó họ irin. Ibi tí chuck ti fẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ chuck dírììlì ò ní ṣúrúú kankan tó dè é mọ́ ọ̀pá tó ń yí i, ńṣe ni wọ́n gún un wọ ihò tó ń tín lọ sókè, agbára tó ń ti òkè bọ̀ nìkan ló ń jẹ́ kó jókòó. Ẹ gbá irú ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ìgbọ̀nrìrì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, chuck fúnra ẹ̀ á já bọ́ tòun ti bíìtì, á sì máa yí bó ṣe ń bọ̀.

Collet lẹ nílò. Collet máa ń fún ọ̀pá bíìtì yíká, gbogbo ara ẹ̀ ló ń dì mú. Àwọn tó ń ṣe maṣíìnì máa ń ta ọ̀pá pàtàkì tó ní collet lórí, tẹ́ ẹ máa fi rọ́pò ọ̀pá spindle, Shopsmith náà ní èyí tí wọ́n ṣe fún bíìtì ráútà. Tí ti maṣíìnì yín ò bá sí, tọ́ọ̀nà tó mọ iṣẹ́ lè yí i, àmọ́ kẹ́ ẹ rí i pé kò gbọ̀n rárá tó bá ń yí. Tọ́ọ̀nà tó bá ní òun máa lù ú mọ́ ọn, ẹ wá ẹlòmíì.

Ọ̀pá bíìtì mi jẹ́ 12 mìlímítà, collet mi jẹ́ ½ íǹṣì. Ó wọlé dáadáa, ṣé kò sí wàhálà?

Wàhálà wà. ½ íǹṣì jẹ́ 12.7 mìlímítà. 0.7 tó kù yẹn kéré lójú àmọ́ collet á ní láti fún ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ kó tó mú bíìtì, kò ní mú un yíká mọ́, etí ẹ̀ nìkan ló máa kàn án. Bákan náà ni ¼ íǹṣì, 6.35 ni, kì í ṣe 6. Tẹ́ ẹ bá ra bíìtì ní ọjà Dei-Dei l'Abuja ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé íǹṣì ni àbí mìlímítà, tí kò bá mọ̀ ẹ mú kálípà lọ. Èmi ò ní ra bíìtì láìwọn ọ̀pá ẹ̀.

Fún kọ́ḿbínéṣọ̀n, èyí tí ọ̀pá ẹ̀ jẹ́ 12 tàbí 12.7 ni kẹ́ ẹ máa rà. Ọ̀pá 6 máa ń tẹ̀ díẹ̀ tí igi bá ń tì í, tó bá sì jẹ́ pé eyín kọ̀ọ̀kan ń bu púpọ̀ torí sípíìdì ò tó, títẹ̀ yẹn á hàn lára iṣẹ́ bí ìgbì.

Báwo ni mo ṣe máa ti bíìtì wọ inú collet?

Plọ́ọ̀gì nílẹ̀ ná. Kì í ṣe pé ẹ pa swítìṣì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ẹ nu inú collet àti ọ̀pá bíìtì, oje igi àti eruku tó bá wà níbẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó yọ̀. Ẹ tì í wọlé títí kó fi kan ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fà á sókè bíi mìlímítà méjì sí mẹ́ta, torí collet máa ń fa bíìtì wálẹ̀ díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń fún un, tó bá ti jókòó lórí ìsàlẹ̀ kò ríbi lọ, á dà bíi pé ó ti le nígbà tí kò tíì le. Ó kéré tán, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà nínú. Tí bíìtì ò bá gùn tó ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gé, ẹ ra èyí tó gùn, ẹ má fà á jáde.

Kí iná tó dé, ẹ fọwọ́ yí i lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kẹ́ ẹ rí i pé kò kan fẹ́ǹsì (ohun gbọọrọ tí pákó ń fara tì lórí tébù) tàbí tébù níbì kankan.

Apá ibo ni kí n ti pákó gbà wá?

Kí pákó máa lọ pàdé eyín bíìtì, kó má bá a rìn. Tí bíìtì bá yọrí láti abẹ́ tébù tí fẹ́ǹsì sì wà lẹ́yìn ẹ̀, apá ọ̀tún yín lẹ ti máa ti pákó lọ sí apá òsì. Tí bíìtì bá ń rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, bíi tàwọn tó gbé ráútà kọ́ sórí tébù, ó ti yí padà: láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Tẹ́ ẹ bá gbà á lódì, bíìtì á gbá pákó mú, á sì fi ju síwájú, ọwọ́ tó ń tì í á bá a lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí pákó wà láàárín bíìtì àti fẹ́ǹsì láé. Fẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ bo apá kan bíìtì ni, kí èyí tó yọ síta jẹ́ kìkì iye tẹ́ ẹ fẹ́ gé. Ẹ fi igi míì ti pákó kékeré, ẹ má wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ká apá agbádá tàbí jálábíyà yín sókè kó le dáadáa.

Fún maṣíìnì tó ń lo iná phase mẹ́ta: lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí oníná bá fọwọ́ kan wáyà, ẹ tan án láìsí bíìtì kẹ́ ẹ wo ibi tó ń yí sí. Tí wọ́n bá pààrọ̀ wáyà méjì péré nínú mẹ́ta, mọ́tò á máa yí sẹ́yìn, gbogbo ohun tí mo sọ lókè á sì di òdìkejì.

Ìwọ̀n wo ni mo lè gé lẹ́ẹ̀kan?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mìlímítà kan sí méjì fún igi líle, mẹ́ta fún arère tàbí igi rírọ̀ míì. Etí tó jìn 9 mìlímítà, ẹ pín in sí mẹ́rin fún igi rírọ̀, ó kéré tán mẹ́fà fún igi líle, kí èyí tó kẹ́yìn jẹ́ bí ẹni ń fá irùngbọ̀n, ìdajì mìlímítà péré. Ẹ fetí sí ohùn ẹ̀. Tó bá ń kùn bákan náà ó dáa, tó bá ti ń ro gbọ̀gbọ̀gbọ̀ ẹ ti bù ú jù.

Ẹni tó bá ní ayùn lára maṣíìnì kan náà, kí ló dé tí kò fi ayùn gé èyí tó pọ̀ kúrò ná? Ẹ la etí yẹn kúrò pẹ̀lú ayùn, kẹ́ ẹ wá fi bíìtì parí ẹ̀. Bíìtì á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Kí ló dé tí pákó mi ń jóná, àbí tó ń fàya létí?

Nǹkan méjì nìyẹn, ìdí wọn ò sì jọra. Jíjóná máa ń wá tí bíìtì bá ti kúnu, tàbí tẹ́ ẹ bá dá ọwọ́ dúró láàárín, bíìtì á máa fi ara gbo ibì kan. Lórí maṣíìnì tí kì í sáré, jíjóná ò wọ́pọ̀ bíi ti ráútà ọwọ́, torí náà tó bá ń jó lọ́dọ̀ yín, bíìtì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Nígbà míì oje igi ló lẹ̀ mọ́ ẹnu ẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì díẹ̀ kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ nu ún gbẹ.

Fífàya ni ẹran igi tó ń ṣí sókè níwájú eyín bíìtì. Ẹ dín ìrìn ọwọ́ kù, ẹ dín ìwọ̀n kù, ẹ wo ibi tí ẹran igi ń lọ sí. Fún orí pákó, ìyẹn ibi tí wọ́n ti gé e níbùú, ẹ gbé igi míì tí kò wúlò sẹ́yìn ẹ̀ kí bíìtì lè jáde sára ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí méjèèjì ló ṣáájú, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn wá gbá ibi tó fàya kúrò.

Irú igi wo ló dáa fún un?

Ọgánwó àti ọ̀mọ̀ máa ń gba bíìtì dáadáa. Apá àti madobiya le, ẹ mú sùúrù. Ìrókò, ẹ ṣọ́ra, òkúta máa ń wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, igi yẹn fúnra ẹ̀ ló ń mú un jáde bó ṣe ń dàgbà, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa rí i láti ìta, bíìtì tó bá kàn án á kán létí. MDF, pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti góòmù tẹ̀ pọ̀, máa ń gé bíi bọ́tà àmọ́ góòmù inú ẹ̀ tètè ń pa ẹnu bíìtì.

Ohun kan tó jẹ mọ́ tiwa níbí: pákó tó bá ti ìhà gúúsù wá máa ń wọ Abuja pẹ̀lú omi nínú, ọyẹ́ á wá fà á gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fín in lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á, ojú ẹ̀ á máa rí irun irun. Tẹ́ ẹ bá fín in nígbà tó ti gbẹ jù nínú ọyẹ́, etí ẹ̀ á máa já wẹ́wẹ́. Ẹ jẹ́ kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú igi tín-ín-rín láàárín wọn kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Iná ò lágbára ládùúgbò wa, ṣé ó kan bíìtì?

Ó kàn án. Tí iná 230 fóltì bá di 180, mọ́tò ṣì lè máa yí bíi ti tẹ́lẹ̀ tí kò bá sí nǹkan lára ẹ̀, àmọ́ agbára tó fi ń yí á ti wálẹ̀ sí bíi ìdá 61 nínú 100. Bí pákó bá ṣe kàn án báyìí, á rọlẹ̀, bíìtì á wá bu èyí tó ju tiẹ̀ lọ. Ẹ ra mítà kékeré tó ń fi iye iná hàn, ẹ gún un sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, tó bá wà nísàlẹ̀ 200 ẹ ṣe nǹkan míì lọ́jọ́ yẹn. Jẹnẹrétọ̀ náà, tó bá kéré jù fún mọ́tò, nǹkan kan náà ló máa ṣe.

Bíìtì wo ni kí n rà?

Èyí tó ní carbide lẹ́nu, ìyẹn ohun kan tó le ju irin lásán lọ. Ti irin lásán dín owó, ó sì lè mú gan-an lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ MDF tàbí ìrókò á pa á kíá. Ẹ yẹ ibi tí wọ́n ti lẹ carbide mọ́ irin wò nínú oòrùn, tó bá ní àlàfo tàbí ihò kéékèèké, ẹ dá a padà. Ẹ wo bóyá wọ́n kọ sípíìdì tí kò gbọ́dọ̀ kọjá sára ọ̀pá ẹ̀. Ẹ má ra páálí olówó pọ́ọ́kú tó kún fún oríṣiríṣi, ẹ ra mẹ́rin tó dáa: títààrà, onígun roboto, ti etí tó ní bẹ́árìn, àti èyí tí bẹ́árìn wà lórí ẹ̀ tó ń tẹ̀lé àwòṣe.

Bíìtì tó bá kúnu ṣeé pọ́n lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta pẹ̀lú òkúta dáyámọ́ńdì, ojú tó tẹ́ pẹrẹsẹ nínú nìkan lẹ máa fi gbo o, iye kan náà fún eyín méjèèjì, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀.

Eruku ńkọ́, ṣé aṣọ tí mo fi di imú ò tó?

Kò tó. Eruku ìrókò máa ń mú imú àti awọ ara yún èèyàn, ti igi mansonia tún burú sí i, ó lè mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, ti fi eruku pákó sí ipele kìíní lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 1995. Ẹ ra ìbomú tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí. Nígbà ọyẹ́ tí eruku ìta náà ti pọ̀, ẹ má jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀ pa. Awò ojú náà, ẹ jọ̀ọ́, ojú ò ní sípíà.

Ṣé mi ò lè pààrọ̀ púlì sí ńlá kí spindle lè máa sáré bíi ráútà?

Ẹ lè ṣírò ẹ̀ o: púlì 120 yẹn tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 240, 5,700 á di 11,400. Àmọ́ ẹni tó ṣe bẹ́árìn spindle yẹn ò ṣe é fún 11,400, á gbóná, gíríìsì inú ẹ̀ á yọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, bíìtì náà á sì máa mì. Púlì tí wọ́n dà pẹ̀lú irin lásán lè fọ́ tó bá sáré ju agbára ẹ̀ lọ, ó sì máa fò ni. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni ẹlòmíì tó máa wá lẹ́yìn, tó máa gbé orí ìfági ńlá sórí spindle yẹn láìmọ̀ pé wọ́n ti yí púlì padà. Àwọn maṣíìnì olówó gọbọi kan máa ń ní ọ̀pá collet tó ń dé 15,000, odindi ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, bẹ́árìn, béélìtì àti gbogbo ẹ̀.

Bíìtì ńlá tí wọ́n fi ń ṣe pánẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn ńkọ́, ṣé kì í ṣe pé ó léwu jù?

Ibi tí kọ́ḿbínéṣọ̀n ti sàn ju ráútà ọwọ́ lọ gan-an nìyí. Bíìtì pánẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ 90 mìlímítà, tẹ́ ẹ bá fi sínú ráútà tó ń yí 22,000, etí ẹ̀ á máa rin mítà tó lé ní 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn léwu, àwọn tó ń ṣe wọ́n fúnra wọn kì í jẹ́ kó kọjá bíi 10,000 sí 12,000. Lórí spindle tó ń yí 6,000, mítà 28 ló ń rìn. Ó ń gé, ó mọ́, kò sáré jù. Collet 12 tàbí ½ íǹṣì nìkan o, fẹ́ǹsì tó dì í mọ́ra, orí pákó ló ṣáájú, ìgbà mẹ́rin ó kéré tán kẹ́ ẹ tó dé ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́.

Níbi ihò gbọọrọ, ní ẹ̀gbẹ́ pílénà, bíìtì mi kì í gé rárá, ó kàn ń rùn. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó ṣeé ṣe kó máa yí lódì sí bíìtì yín. Bíìtì ráútà, tẹ́ ẹ bá wò ó láti ìdí ọ̀pá ẹ̀, bí ọwọ́ aago ló ń yí. Ọ̀pá pílénà ti maṣíìnì míì ò yí bẹ́ẹ̀ níbi chuck yẹn. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì, ẹ fọwọ́ yí i síbi tí mọ́tò máa ń yí i sí, kẹ́ ẹ wo bóyá ẹnu mímú ló ń ṣáájú àbí ẹ̀yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ẹ ra bíìtì ọlọ́wọ́-òsì, wọ́n ń ta á fún iṣẹ́ yìí gan-an, ọ̀pá ẹ̀ nípọn, wọ́n sì ṣe é fún sípíìdì tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé chuck ni ti maṣíìnì yín, kì í ṣe collet, bíìtì ihò gbọọrọ tó bá ibi tí maṣíìnì yín ń yí sí mu lẹ máa lò, kì í ṣe ti ráútà. Ẹ máa ti tébù wọlé bíi mìlímítà méjì, ẹ gbá a lọ gbá a bọ̀ títí dé etí méjèèjì, kẹ́ ẹ tó tún tì í wọlé.

Nígbà wo ni kí n fi spindle sílẹ̀ kí n so ráútà gan-an mọ́ tébù maṣíìnì?

Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ bíìtì tín-ín-rín lọ́pọ̀ ìgbà: ihò 6 mìlímítà fún ìnlẹ́ẹ̀ (igi míì tí wọ́n ń tẹ̀ sínú pákó), dọ́fútélì (ojú ìsopọ̀ tó rí bí ìrù ẹyẹ), lẹ́tà tí wọ́n ń fín sára ilẹ̀kùn. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tí 5,000 á fi tó fún ìyẹn. Ẹ gé pẹrẹsẹ irin tàbí plywood tó le sí ojú tébù tó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ẹ fi ráútà kọ́ sábẹ́ ẹ̀, fẹ́ǹsì ayùn tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ náà lẹ máa lò. Mọ́tò inú ráútà ọwọ́ yàtọ̀ sí ti maṣíìnì ńlá, 50 Hz tàbí 60 Hz ò dín eré ẹ̀ kù, iye fóltì nìkan ni kẹ́ ẹ rí i pé ó bá a mu, torí náà ráútà tó ti Amẹ́ríkà wá lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí transformer.

Ẹ fún un ní sọ́kẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ àti swítìṣì tiẹ̀ tí ọwọ́ tàbí orúnkún lè tètè kàn níwájú tébù. Ẹ má so ó mọ́ swítìṣì maṣíìnì, kó má di pé ẹni tó fẹ́ la pákó ló máa tan bíìtì.